Mo Ti Fọ Aṣọ Akin Kí Wọ́n Tó Dé

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi kan bẹ̀rẹ̀: èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan. Iwin kò yọ sí mi rí láti kékeré, mi ò lá àlá tó ṣẹ rí, bí àwọn ènìyàn bá sì ń sọ irú ìtàn báyìí, èmi ni mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n mu. Ẹ ò ní láti gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọ̀sán sì ni, oorun kò sí lójú mi.

Ohun kan ni mo fi bẹ̀ yín. Ìyàwó mi kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbikíbi, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Alágbàfọ̀ ni mí. Nígbà tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ogun Làìbéríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná, Okokomaiko ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Ìbà. Àwọn lékíṣọ̀ yunifásítì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìbà Estate máa ń kó aṣọ wá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Néfì láti Navy Town gan-an ni oníbàárà mi. Aṣọ funfun wọn yẹn, kì í ṣe gbogbo alágbàfọ̀ ló lè fọ̀ ọ́. Tí búlúù bá pọ̀ jù nínú omi, á dà bí aṣọ ilé ìwé. Tí sítááṣì bá kéré, kọ́là rẹ̀ á wó lulẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò yangàn o, ẹ lọ béèrè ní Navy Town.

Gbogbo aṣọ funfun yẹn ló jọra, nítorí náà mo máa ń fi òwú ṣe àmì sábẹ́ kọ́là: pupa fún ẹnì kan, dúdú fún ẹlòmíràn, kókó kan, kókó méjì. Òwú yẹn nìkan ló ń sọ ẹni tó ni aṣọ fún mi. Tí mo bá tú u, kò sí ẹ̀dá tó lè dá a mọ̀ mọ́. Òwú pupa oníkókó méjì ni ti Akin.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Akin, etí òkun lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé sórí omi. Ó sọ fún mi pé òun ti mọ ọkọ̀ ọ́ wà kí òun tó mọ ìwé kà. Apẹja ni bàbá rẹ̀, kò sì pẹ́ láyé. Màmá rẹ̀ ló fi ẹja yíyan rán an nílé ìwé títí ó fi parí sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ ọ́fíìsì, òun wọ Néfì. Ó ní òun kì í lè sùn dáadáa níbi tí òun kò ti gbọ́ ìró omi.

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti pa rédíò kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ èyí nísinsìnyí kí ẹ má baà rò pé torí mo kórìíra ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lára àwọn tó ń kó sójà àti oúnjẹ lọ sí Làìbéríà, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn tí ogun ká mọ́ ibẹ̀ bọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá dé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìbọn ńlá máa ń já sínú omi nítòsí wọn, omi á sì fò sókè ju ilé lọ. Ó ní àwọn ènìyàn máa ń dúró ní èbúté láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, ọkọ̀ ò sì lè gba gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "àwọn tá a fi sílẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé."

Mo ní kó tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi mu, ó lọ.

Òun ló fa Ràsákì wọ Néfì. Ràsákì ni àbúrò ìyàwó mi, ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ajangbadi. Ìyá wọn kú níjọ́ tí wọ́n bí i, ìyàwó mi ló sì tọ́ ọ dàgbà, tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré. Ọmọ ló kà á sí, kì í ṣe àbúrò. Akin kọ́ ọ ní ìwẹ̀ odò, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ọkọ̀. Ìnàró kan náà ni wọ́n, ìbàdí kan náà, aṣọ ọ̀kan sì máa ń wọ èkejì géérégé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Akin fẹ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sáré yà sọ́dọ̀ mi, ó ju aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí páréèdì lọ́jọ́ tó ṣáájú sílẹ̀ fún mi. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá dé, mo máa wá gbà á." Èmi pẹ̀lú ìyára mi, mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, mo lọ̀ ọ́, mo fi kọ́.

Akin ò dé.

Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló sọ bó ṣe rí fún Ràsákì. Wọ́n ń kó àwọn ènìyàn láti inú ọkọ̀ kékeré gòkè sínú ọkọ̀ ńlá, omi sì ń ru. Akin dúró sínú èyí tó kéré, ó ń gbé àwọn ọmọdé lé àwọn tó wà lókè lọ́wọ́. Ó gbé ọmọbìnrin kan sókè, wọ́n gbà á. Ìgbì kan dé. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré náà dúró, Akin ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò rí bàtà, wọn ò rí fìlà.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò màmá náà lọ́kùnrin, bàbá àgbàlagbà kan, ló mú un wá. Wọ́n ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí ọkọ̀ ilẹ̀ kí wọ́n tó dé Èkó, ẹsẹ̀ màmá sì ti wú. Mo gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Bàbá yẹn ló sọ̀rọ̀.

"Ní ilé tiwa," ó ní, "ẹni tí omi bá gbé tá ò rí i, aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn la máa ń sin. Kì í ṣe aṣọ tó mọ́ o. Èyí tí òógùn rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ni. Òógùn yẹn lara rẹ̀ tó kù. Tá a bá ti sin ín, á kúrò nínú omi, á wá sílé."

Wọ́n ti lọ wo yàrá Akin ní bárékè. Ọmọ tó mọ́ tónítóní ni, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ti fọ̀, tó ká jọ. Wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé èyí tó wà lọ́dọ̀ mi nìkan ló kù.

Màmá gbójú sókè wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, alágbàfọ̀," wọ́n ní, "ẹ ò tíì fọ̀ ọ́, àbí?"

Aṣọ náà wà lórí wọn gan-an, ó ń fì lórí okùn, ó funfun báláú, ó le gbagidi. Ẹ bá mi rò ó. Ẹ wo ìyá tó jókòó síbẹ̀. Tí mo bá sọ pé mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi ọṣẹ mi bó ohun tó kù lára ọmọ wọn dà sínú gọ́tà. Àánú wọn ṣe mí. Ojú sì tì mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ pé àánú nìkan ni.

"Rárá, Mà," mo ní. "Mi ò tíì fọ̀ ọ́."

Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Aṣọ Ràsákì wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì, kọ́là rẹ̀ ti pọ́n. Mo fi abẹ́rẹ́ tú òwú dúdú tirẹ̀, mo gán òwú pupa oníkókó méjì síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú òwú pupa lára aṣọ Akin tí mo ti fọ̀, mo fi dúdú sí i, kí Ràsákì náà lè rí aṣọ wọ̀. Mo sọ fún ara mi pé aṣọ kan náà ni, ìjọba kan náà ló fún wọn.

Màmá gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n bo ojú mọ́ ọn, wọ́n fa òórùn rẹ̀ símú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. "Òun nìyí," wọ́n ní. "Ọmọ mi nìyí." Mo ṣì lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin aṣọ náà nínú pósí nílé wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, Ràsákì sùn lọ́sàn-án, ó jí, ó wá bá mi níwájú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn obìnrin kan ń sunkún lé mi lórí. Mi ò mọ ìkankan nínú wọn."

Mo ní ibà ni. Ó ní òórùn erùpẹ̀ ń wá sí òun nímú látàárọ̀. Mo ní ibà ni, kó lọ ra oògùn. Nígbà tó wọ aṣọ funfun Akin yẹn lọ sí páréèdì lọ́jọ́ kejì, ó padà wá sọ pé aṣọ náà tutù, pé ó dà bíi pé kò gbẹ. Mo ti fi ọwọ́ mi kàn án kó tó wọ̀ ọ́, ó gbẹ táútáú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ọkùnrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá.

Òjò ń rọ̀, iná ti lọ, mo sì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò lékíṣọ̀ kan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹnì kan wọlé, mi ò gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀," mo ní, "ẹ fara balẹ̀, mò ń dá yín lóhùn."

Mo wò ó.

Akin ni. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ̀ ló wọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo kí i. "Akin, o ti dé," mo ní, bí mo ṣe máa ń kí i. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti jáde ni mo tó rántí pé omi ti gbé e lọ.

Omi ń ro lára rẹ̀, kì í sì í ṣe omi òjò. Omi òjò kì í rùn. Èyí ń rùn bí inú ọkọ̀ apẹja. Ojú rẹ̀ ò burú, kò wú, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ń wo àwọn aṣọ tí mo fi kọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí oníbàárà ṣe ń wá tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ti máa ń rí. "Mo wá gba aṣọ mi."

"Wọ́n ti sin ín," mo ní. "Màmá rẹ ló wá gbé e."

Ó mi orí. "Kì í ṣe tèmi ni wọ́n sin."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ láìwo ibi tí mo gbé e lé.

"Mo dé ilé," ó ní. "Ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Mi ò ríbi wọlé sí."

Ó wá sún mọ́ mi, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo fi etí sí i láìmọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà láàyè. "Omi yẹn tutù. Ẹ fún mi ní tèmi."

Mo di ojú mi, mo ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé kéú ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí mo la ojú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn ohun tó ń jó ni mo gbọ́. Mo ti gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣòkòtò lékíṣọ̀ lórí, ó ti jó o já. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé àlá ni mò ń lá, kó lọ bi lékíṣọ̀ yẹn, torí pé kò tíì dárí jì mí.

Gbogbo aṣọ funfun tó wà lórí okùn ló ti rọ. Sítááṣì ti tán lára wọn. Mo fi ahọ́n kan ọ̀kan, iyọ̀ ni.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sáré gba ilé lọ nínú òjò. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò pọ̀: kí n gba aṣọ Akin lára Ràsákì, kí n gbé e lọ bá bàbá yẹn nílé wọn, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Ìyàwó mi wà nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í pé Ràsákì ńkọ́.

"Néfì ránṣẹ́ pè wọ́n lójijì," ó ní. "Ọkọ̀ ń lọ sí Làìbéríà lónìí. Ó ní kí n bá òun kí yín." Ó wò mí. "Kí ló dé tí ẹ̀ ń gbọ̀n?"

Mo ní òjò ló pa mí. Mo gun ọ̀kadà dé Navy Town. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì kò jẹ́ kí n wọlé.

"Oga, dem don go," ó ní. "Since two o'clock."

Mo bi í pé aṣọ wo ni wọ́n wọ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

"White," ó ní. "Na white dem wear go."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Oṣù mẹ́ta ni ìyàwó mi fi gbàdúrà, tí èmi ò lè wo ojú rẹ̀. Mi ò lọ bá bàbá yẹn mọ́. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ́wọ́ lọ?

Ràsákì dé. Ó dé láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi wọlé. Ìyàwó mi dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó se ọbẹ̀ tó lata, èmi náà sì wólẹ̀ lórí ẹní mi, mo dúpẹ́. Mo rò pé ó ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú aṣọ funfun yẹn nínú báàgì rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni mí, ẹ má gbàgbé. Mo mọ aṣọ tí ènìyàn ti wọ̀. Èyí ti lọ sógun, ó ti bọ̀, abíyá rẹ̀ ò pọ́n, kọ́là rẹ̀ ò dọ̀tí, kò ní òórùn ènìyàn kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Ràsákì. Inú oṣù tí ooru mú jù lọ la wà, gbogbo wa ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wa. Kò làágùn. Ó ti di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó mi ní ogun ló yí i padà bẹ́ẹ̀.

Màmá Akin tún wá lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé ẹja yíyan wá láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti sanra díẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti sin ọmọ àwọn, àwọn ń rí oorun sùn. Aṣọ Akin wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì mi, mo ti pinnu pé lọ́jọ́ yẹn ni màá sọ ọ́. Ràsákì ń sinmi lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń dúró kó jáde lọ kí n tó la ẹnu.

Màmá ṣàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà, bí ìyá tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Akin, ọmọ mi."

"Màmá," ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn kọ́tìnì, jẹ́jẹ́.

Màmá yíjú sẹ́yìn.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" wọ́n bi mí.

"Àbúrò ìyàwó mi ni, Mà."

Wọ́n wo kọ́tìnì náà fún ìgbà pípẹ́. Wọn ò ṣí i. Wọ́n dìde, wọ́n fi ẹja sílẹ̀, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá lóṣù tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Wọ́n á gbé ẹja wá, wọ́n á jókòó, tí Ràsákì bá jáde sí wọn, wọ́n á máa wò ó jẹun. Ìyàwó mi ní arúgbó yẹn mà lójú àánú o.

Aṣọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè sin ín, nítorí mi ò mọ ẹni tí màá máa sin mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba aṣọ aláṣọ fọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Tí wọ́n bá wá béèrè aṣọ ẹni tó kú lọ́wọ́ yín, tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, ẹ sọ pé ẹ ti fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá sunkún níwájú yín. Ìyàwó mi ń bu oúnjẹ fún ẹnì kan lójoojúmọ́, ó ń pè é ní àbúrò. Tó bá jẹ́ pé Ràsákì gan-an ló wà nínú omi tó tutù yẹn, kò sí ẹnì kankan láyé yìí tó ń sunkún rẹ̀, àfi èmi.